Owó Ọjọ́ Àìsàn: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Ìkówójọ Ẹgbẹ́ Wa

  

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wa ní ìsọ̀ wa nínú ọjà Sabon Gari, tí ó ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, a bi í pé ṣé dókítà ti tán nínú àwọn Yorùbá Kánò ni. Ìwé mẹ́fà péré ni a kà, ọjà títà ni a sì mọ̀. Ó ní àwọn dókítà ti sọ tiwọn rí, ọlọ́jà ni ẹgbẹ́ fẹ́ gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ni a ti mọ ohun tí a ó sọ. Ọ̀rọ̀ owó ọjọ́ àìsàn ni. Ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò dá lè jókòó sílé, tàbí kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí owó ọjọ́ náà má sì tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ìjọba nìkan ni èyí, tàbí ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Bompai àti Sharada. Àwọn oníṣẹ́ ìjọba ti ní tiwọn. Àwa tí a ní ọmọ ọjà kan tàbí méjì, àwa tí a ní awakọ̀, tí a ní ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ nínú búkà, àwa ni a ń bá wí. Kí a tó bá ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa.

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 2016, ọmọkùnrin mẹ́ta ni ó ń bá wa tajà. Ike, garawa, kúlà àti abọ́ ni a ń tà. Àwọn méjì wá láti ilé, ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Kánò níhìn-ín, ilé àwọn òbí rẹ̀ ni ó ti ń wá lárààárọ̀. 500 náírà ni a ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójúmọ́, oúnjẹ ọ̀sán sì wà lọ́rùn wa. Òfin wa kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí kò bá wá lónìí kò ní gba owó òní. Bí gbogbo ọjà ti ń ṣe nìyẹn, a kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Àwa ní ọyẹ́ ni. Ìyàwó wa ní eruku ọjà ni. A ra oògùn ikọ́ fún un lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, ó lò ó tán, a tún ra òmíràn. Oṣù kan kọjá, ikọ́ kò lọ. Ọmọ náà ń rù, ẹ̀wù ń tóbi sí i lọ́rùn. Lóru, ara rẹ̀ yóò gbóná, òógùn yóò bò ó bí ẹni tí a da omi lù, ṣùgbọ́n bí aago méje òwúrọ̀ bá fi máa lù, ó ti ṣí ìsọ̀. A sì ń yìn ín. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, a ń yìn ín! A ń sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn, pé ikọ́ kò dá a dúró.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ tí òun àti ìkejì rẹ̀ ń sùn sí. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní, páálí ni a fi dí i nítorí olè. Ọmọ wa obìnrin wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n bá ti jáde ní ilé-ìwé, ìsọ̀ ni yóò bọ́ sí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí ni yóò sì jókòó sí, kí ó lè bá a ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí orí ọmọ náà pé sí ìṣirò.

Ní oṣù kẹta ni ẹ̀jẹ̀ bá ikọ́ jáde, lójú oníbàárà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ kẹ́lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní tarin fuka. Nọ́ọ̀sì ní kí a kó gbogbo ẹni tó ń bá a gbé tàbí tó ń bá a jókòó wá. Àwa mẹ́fà ni a lọ. Wọ́n bá a lára méjì nínú wa: ọmọ kejì tí wọ́n jọ ń sùn, àti ọmọ wa obìnrin.

Nọ́ọ̀sì náà bi ọmọkùnrin yìí pé kí ló dé tí kò fi wá láti ìgbà tí ó ti ń wúkọ́. Ó wojú wa kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ tí mo bá wá síbí, n kò ní rí owó ọjọ́ náà gbà. Ìyá mi ń retí owó nílé.” Kò bú wa, kò sì fi ẹ̀sùn kàn wá. Ohun tí wọ́n bi í ni ó dáhùn. Ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí a ó fojú sí nínú yàrá yẹn.

Oògùn oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ọmọ wa yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga báyìí. Ọmọ àgbà náà yè, ó ti ní ìsọ̀ tirẹ̀. Ní ti ọmọ kejì, bàbá rẹ̀ wá láti ilé ní oṣù kejì ìtọ́jú, ó ní òun ń mú ọmọ òun lọ. A kó oògùn fún wọn, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wọn. Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ṣíwọ́ oògùn, ó lọ ń fi ọ̀kadà wá owó. Ó kú kí ọdún 2017 tó parí, ní ọmọ ọdún 19. A lọ sílé lọ bá wọn kẹ́dùn. Bàbá rẹ̀ kò bi wá ní ohunkóhun. Àwa náà kò sì lè la ẹnu sọ fún un pé nítorí 500 náírà ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a ti fi etí ara wa gbọ́ àlàyé àìsàn yìí lẹ́nu àwọn oníṣègùn, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Kòkòrò kan ni ó ń fà á, tí ojú lásán kò lè rí. Ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Robert Koch ni ó fi hàn ní ọdún 1882 pé kòkòrò ni, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í ṣe ìdílé. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà: ẹni tó ní i yóò wúkọ́, ẹni tó wà nítòsí yóò mí i símú. Bí yàrá bá ṣe há tó, tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ewu náà yóò ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ oògùn tó tọ́ sí i, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ lo oògùn náà pé oṣù mẹ́fà. Ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Owó oògùn kọ́ ni ó dá ọmọ náà dúró. Owó ọjọ́ tí yóò fi lọ gba oògùn ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi sọ́kàn. Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1974, tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, sọ ní apá 16 pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn bá dá dúró fún ìgbà díẹ̀, tí dókítà tó ní ìwé ẹ̀rí sì jẹ́rìí sí i, ó ní ẹ̀tọ́ láti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan. Lọ́dọ̀ àwa tí a ń ṣí ìsọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12 náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì géérégé. Bí ó bá ṣe pé a tẹ̀lé òfin yìí ní oṣù kìíní tí ọmọ yẹn ń wúkọ́, ọjọ́ tí òfin fún un ìbá tó o láti lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ó sì padà wá jókòó ti ọmọ wa láìsí ewu. 6,000 náírà ni ìbá ná wa. Ọkọ̀, fọ́tò àyà, oúnjẹ aláìsàn mẹ́ta àti àwọn ọjọ́ tí a kò ṣí ìsọ̀ jẹ wá ní owó tó lé ní 140,000 náírà, a kò sì ka ti òkú mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò ní òfin yẹn kò kàn wá, pé a kò kọ ìwé àdéhùn kankan fún ọmọ ọjà. A ní kí agbẹjọ́rò kan nínú ẹgbẹ́ wa ka òfin náà fún wa. Ìbáà jẹ́ ẹnu ni a fi bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn, ìbáà jẹ́ ìwé, òṣìṣẹ́ ni. Òfin náà yọ ẹbí ẹni kúrò, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sá sí abẹ́ ìyẹn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni, ọmọ àbúrò ìyàwó wa ni. Àbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni kò ní ẹ̀dọ̀fóró ni?

Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ nìkan. Ẹ wo búkà. Ọmọbìnrin tó ń gé ẹran ní ìgbẹ́ gbuuru láti òru, ó ń dákẹ́ sí i nítorí owó rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ogójì ènìyàn ti jẹ nínú ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ onígbáméjì ni ńkọ́? Ẹ wo awakọ̀ tí ibà ń gbọ̀n, tí a kó èrò 18 lé lọ́wọ́ láti Kánò dé Ìlọrin lóru. Ìyẹn kò tilẹ̀ ní kòkòrò tí yóò kó ran ẹnikẹ́ni. Oorun lásán ni yóò gbé e.

Àwa tí a ti pẹ́ níhìn-ín, a kò jẹ́ gbàgbé ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun, sankarau àwọn Hausa, wọ ìlú nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Jákèjádò Nàìjíríà, ó mú ènìyàn tó lé ní 100,000, ó sì pa ju 11,000 lọ. Àìsàn tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni ni. Ẹni tí ó bá jí pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, tí ọrùn rẹ̀ ń gan, tí ó wá ní kí òun ta ọjà òní ná, ọ̀la lè má bá a. Ní 2014 tí Ebola wọ Èkó, ohun tí wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn 20 ni ó mú tí mẹ́jọ sì kú, ni pé Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà jáde ní ilé ìwòsàn, ìyẹn sì ná an ní ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn kàn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ẹni tí a ń ṣọ́ fún ọjọ́ 21, kí ni yóò jẹ? Ní 2020 ni a rí ìdáhùn lójú ara wa, nígbà tí Kòrónà dé tí ìjọba ní kí gbogbo Kánò jókòó sílé. Àwọn tí owó oṣù wọn ń wọlé jókòó. Alábàárù àti mẹ̀rúwà jáde. A bú wọn pé aláìgbọ́ràn ni wọ́n, àwa náà sì ń yọ́ ìlẹ̀kùn ìsọ̀ wa ṣí láti ẹ̀yìn.

Wọ́n ti mọ èyí ní ilẹ̀ òkèèrè tipẹ́tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn. Ní Jámánì, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Koch rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyíinì ní 1883, ìjọba Bismarck ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ tó bá ṣàìsàn yóò máa gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ 13, yóò sì rí ìtọ́jú. Àpò kan ni wọ́n ń dá owó sí: òṣìṣẹ́ ń dá ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀gá ń dá ìdá kan. Ẹ̀yin ìyá wa, ǹjẹ́ ẹ kò mọ ohun tí èyí jọ? Àjọ ni! Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ wa ń sá lọ, wọn kò ní òfin àpapọ̀ kan títí di òní tó fi dandan lé e fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni gbogbo. Ìpínlẹ̀ tó bá wù ú ni ó ń ṣe tirẹ̀, Connecticut ni ó sì kọ́kọ́ ṣe é nínú àwọn ìpínlẹ̀, ní 2011. Nítorí náà kò di dandan kí a wo ojú òyìnbó kí a tó ṣe ohun tó dára.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nínú ìpàdé, ẹnìkan dìde, ó ní àwọn ọmọ yóò máa purọ́ àìsàn. Òótọ́ ni, àwọn kan yóò purọ́. Ṣé wọn kò tíì máa purọ́ ni? Ọmọ kan wà ní ọjà wa tó ti sin ìyá bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún méjì. Òfin ti fi ìwé dókítà ṣe ìdènà. Ní tiwa, a ó gba ọmọ gbọ́ fún ọjọ́ kan àkọ́kọ́, nítorí ọjọ́ náà ni yóò fi lọ rí dókítà. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, kí ó mú ìwé wá. Ọ̀gá tó bá mọ ojú àwọn ọmọ rẹ̀ yóò mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò dá.

Ẹlòmíràn ní owó ni kò sí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òfin yẹn kò de àwa tí òṣìṣẹ́ wa kò tó 25, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, kò tó 2,700 náírà lójúmọ́. Ọjọ́ 12 jẹ́ nǹkan bí 32,300 náírà. Ẹ wo aṣọ tí a wọ̀ jókòó síbí lónìí, kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ó kan àwa fúnra wa báyìí. Ta ni yóò san owó ọjọ́ àìsàn fún ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀? Ìyá kan nínú wa tó ń ta èlùbọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, dókítà ní kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì a rí i nínú ọjà, ó ń ti àpò. Ojú iṣẹ́ abẹ ya, wọ́n tún gbé e padà, ìnáwó sì di méjì. Gbogbo wa bẹ̀ ẹ́ wò. A gbàdúrà, a fi ọsàn sílẹ̀, a sì lọ ṣí ìsọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé ó kú ni, ẹgbẹ́ yìí ìbá yọ owó lójú ẹsẹ̀, à bá gba bọ́ọ̀sì méjì, à bá ra aṣọ, à bá sì gbé e dé ilé tìlù-tìfọn. A kò sọ pé kí ẹgbẹ́ má sìnkú mọ́ o. A kàn ń béèrè ìdí tí a fi ní àpò fún olóòkú tí a kò ní àpò fún aláìsàn.

Ohun tí a bá wá síwájú yín nìyí. Nínú owó tí a bá kó jọ lónìí, kí ẹgbẹ́ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ àpò kan. Kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan máa dá 1,000 náírà lóṣù lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ní, kí ọlọ́jà tí kò ní òṣìṣẹ́ sì dá 1,000 lórí ara rẹ̀. Ẹni tó bá ṣàìsàn, tó mú ìwé dókítà wá, tí ẹni méjì láti inú ìgbìmọ̀ sì bẹ̀ ẹ́ wò, kí ó gba 2,500 náírà lójúmọ́ títí dé ọjọ́ 12 lọ́dún. Bí ènìyàn 100 bá ń dá a, yóò di 1,200,000 náírà lọ́dún, ìyẹn yóò sì tó fún 40 nínú wọn láti gba ọjọ́ 12 pípé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ yóò lò. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí ìgbìmọ̀ lè fi kún un, kí wọ́n sì máa wo káàdì oògùn aláìsàn náà lóṣooṣù títí yóò fi lò ó tán, pàápàá bí ó bá fẹ́ lọ sílé.

Ọmọ mẹ́rin ni ó ń bá wa tajà lónìí. A ti kọ orúkọ wọn àti orúkọ tiwa sílẹ̀, owó ọdún kan gbáko lórí àwa márààrún sì nìyí, 60,000 náírà. Kí Akápò jọ̀wọ́ wá gbà á, kí ó sì fún wa ní ìwé. A tún ti yọ páálí kúrò lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀, irin ni a fi dí i báyìí, afẹ́fẹ́ ń wọlé.